Màmá Mi Tó Fi Ṣúgà Dán Omi Wò

Ọ̀sán Sátidé ni Màmá mi àgbà kú, lórí bẹ́ẹ̀dì wọn, nínú ilé wọn ní Mile One, Diobu, ní Port Harcourt. Fèrèsé wà ní ṣíṣí, ariwo ọjà ń wọlé bó ṣe máa ń wọlé láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún. Ìyá mi ń bá wọn gé èékánná. Màmá ní, "Rọra, ìka yẹn ń dùn mí." Ìyá mi rọra. Ìgbà tó gé èyí tó kẹ́yìn tán ló tó mọ̀ pé ọwọ́ tí òun dì mú ò di òun mú padà mọ́.

Mo mọ̀ pé ẹkún ló yẹ kí n kọ́kọ́ sun. Ṣùgbọ́n èémí ni mo kọ́kọ́ mí, èémí gígùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni egungun fi ń ro wọ́n, tí gbogbo wa ń rìn nínú ilé bí ẹni tó ń tẹ ẹyin. Nígbà tí mo sáré dé láti Trans-Amadi níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, mo bá ojú wọn tó tújú ká, bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù kalẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Màmá, ẹ kú iṣẹ́." Ọ̀rọ̀ tó wá sí mi lẹ́nu nìyẹn.

Àbẹ̀kẹ́ ni orúkọ wọn, àmọ́ Mama Teacher ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Bàbá wọn jẹ́ ará Ìlá Ọ̀ràngún tí iṣẹ́ réluwéè gbé dé Port Harcourt. Ìyá wọn jẹ́ ọmọ Ikwerre láti Rumuolumeni. Èdè mẹ́ta ló ń jà lẹ́nu wọn. Bí wọ́n bá ń gbàdúrà, Ikwerre ni. Bí wọ́n bá ń ná ọjà, Pidgin ni. Bí wọ́n bá fẹ́ bá ọmọ wí, Yorùbá ni, nítorí wọ́n ní bàbá àwọn ò fi èdè mìíràn bá àwọn wí rí.

Mi ò ní parọ́ mọ́ òkú pé ẹni rírọ̀ ni wọ́n. Wọn ò mọ ọbẹ̀ sè. Ata wọn máa ń kún fún omi bí ilẹ̀ Diobu nígbà òjò. Ìyìn sì ṣọ̀wọ́n lẹ́nu wọn ju owó lọ. Nígbà tí àbúrò mi ọkùnrin gbé ipò kìíní wálé, tó ń fò sókè fò sílẹ̀, Màmá wo káàdì èsì ìdánwò rẹ̀ tinú tẹ̀yìn, wọ́n ní, "O ṣeun. Kìíní láàárín àwọn wo?"

Gbogbo ẹni tó bá mọ̀ wọ́n ló mọ̀ pé wọn kì í mu omi láì kọ́kọ́ gbé ife sókè sí ìmọ́lẹ̀. Kò sí ilé tí wọn ò ti ṣe é. Lọ́jọ́ kan, a lọ kí ìyàwó pásítọ̀ tuntun. Obìnrin náà gbé omi wá nínú ife aláwọ̀ búlúù tó rẹwà, irú èyí tí wọ́n máa ń tọ́jú sínú àpótí fún àlejò. Màmá dúpẹ́, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ìyàwó pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá èyí tí ojú lè rí inú rẹ̀." Ìtìjú fẹ́ pa ìyá mi. Nígbà tí a ń padà bọ̀, ó ń ráhùn títí a fi dé ìsọdá ọ̀nà. Màmá jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀ tán kí wọ́n tó fèsì: "Bí mo bá tijú lónìí, ṣé ìwọ lo máa bá mi ru inú rírun lọ́la?"

Wọ́n tún ní ìjà kan tí wọ́n fi ọdún mẹ́ta jà. Papa Chidi, aládùúgbò wa, gbẹ́ kòtò ìdọ̀tí sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí ẹ̀rọ omi wa wà. Màmá ò pariwo, wọn ò pe ọlọ́pàá. Ní òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó lọ ra búrẹ́dì, wọ́n á dúró lẹ́nu géètì rẹ̀: "Good morning, Papa Chidi. Your soakaway still dey near my water." Ọdún mẹ́ta. Òjò ń rọ̀, oòrùn ń ràn. Papa Chidi wá bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó pe àwọn tó dí kòtò náà pa, ó sì gbẹ́ òmíràn síbi tó jìnnà. Lọ́jọ́ náà gan-an, Màmá se ọbẹ̀ olómi wọn yẹn, wọ́n gbé e lọ fún un, àwọn méjèèjì sì jọ jẹ ẹ́. Mo bi wọ́n bóyá ìjà ti parí nìyẹn. Wọ́n ní, "Ìjà wo? Èmi ò bá bàbá yẹn jà rí. Kòtò ni mo bá jà."

Èmi ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ omi yìí ti bẹ̀rẹ̀ títí mo fi wọ ọdún tó kẹ́yìn ní yunifásítì. Iṣẹ́ ìwádìí mi ni kí n mú fọ́ọ̀mù ìbéèrè lọ sí ọjà Mile One, kí n bi àwọn oníṣòwò ní oríṣiríṣi nǹkan. Òjò ò jẹ́, àwọn oníṣòwò náà ò sì ráyè tèmi. Mo bá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì Màmá, mo kó bírò mẹ́ta tí àwọ̀ wọn yàtọ̀ síra sílẹ̀, mo ń kọ ìdáhùn fúnra mi. Bí mo bá ti fi ọwọ́ ọ̀tún kọ mélòó kan, mo tún fi tòsì kọ òmíràn.

Màmá wò mí títí. Wọ́n ní, "Pèlúmi, kí lò ń ṣe?"

"Ìwádìí ni, Màmá."

"Ìwádìí tí ìdí rẹ ò kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì mi?"

Mo rò pé èébú ló máa tẹ̀ lé e. Kàkà bẹ́ẹ̀, wọ́n jókòó tì mí, wọ́n gba bírò pupa lọ́wọ́ mi, wọ́n sì sọ ohun tí wọn ò sọ fún ìyá mi pàápàá rí. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe máa kọ ọ́. Láti ibí, Màmá ló ń sọ̀rọ̀.

Ní ọdún 1967, ọmọ ogún ọdún ni mí, mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́. Ẹni tí kì í nawọ́ nínú kíláàsì ni mí. Tí wọ́n bá pe orúkọ mi, ohùn mi á há sọ́fun. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Míìsì Ijeoma ló ń kọ́ wa ní sáyẹ́ǹsì. Kò sí ohun èlò kankan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì náà. Míìsì bá ní kí kálukú mú ohun kan nínú ìlú, kó máa ṣọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kó sì máa kọ ohun tó bá rí sílẹ̀. Mo mú kànga, nítorí ìgbẹ́ gbuuru ti pa ọmọ àbúrò ìyá mi ní ọdún tó ṣáájú.

Míìsì kọ́ mi bí mo ṣe máa ṣe é. Wàá fọ ìgò tó mọ́ kedere, wàá bu omi sí i, wàá da ṣúgà díẹ̀ sínú rẹ̀, wàá dé e, wàá gbé e sójú fèrèsé níbi tí oòrùn ti ń ta. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, bí omi náà bá ṣì mọ́, ó dára. Bó bá di rúdurùdu bí omidùn ògì, ohun inú ṣáláńgá ti dé inú rẹ̀. Míìsì ní, "Èyí ò lè sọ gbogbo ohun tó wà nínú omi fún ẹ, àmọ́ ó lè sọ èyí tó yẹ kó o sá fún."

Kànga mẹ́fà ni mo yàn ní Diobu. Máàrún súnmọ́ra. Ẹ̀kẹfà wà lọ́nà jíjìn, lẹ́yìn ilé káfíńtà kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, mo lọ síbi máàrún yẹn, mo lọ sí ẹ̀kẹfà náà. Àmọ́ ìgò ti ẹ̀kẹfà fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kẹta òjò lé mi padà, ó sì sú mi. Mi ò rí èsì kànga yẹn rí. Mo ṣáà jókòó nílé, mo kọ ọ́ sínú ìwé: mọ́, mọ́, mọ́.

Míìsì gbé ìwé mi sókè níwájú gbogbo kíláàsì, ó ní ẹ wo iṣẹ́ ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi mí ṣe olórí. Èmi tí mi ò lè sọ̀rọ̀ sókè tẹ́lẹ̀, mo ń pín iṣẹ́ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Ó dùn mọ́ mi, ó sì ń ta mí lára bí ìgbà tí èèrà bá wọ aṣọ.

Ogun bá dé. Wọ́n ti kọ́lẹ́ẹ̀jì pa. Bàbá mi ti padà sí ìwọ̀-oòrùn ní ọdún tó ṣáájú, nígbà tí ìlú ò fara rọ mọ́. Èmi àti ìyá mi kó lọ sí Rumuolumeni, sí ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn ìyá mi. Ní ọdún kejì, bí ìbọn ṣe ń súnmọ́ ìlú, Míìsì Ijeoma àti àwọn èèyàn rẹ̀ gba ọ̀nà Aba lọ pẹ̀lú ẹrù lórí. Mi ò rí i kí n dágbére. Mo rò pé ó ti bọ́ lọ́wọ́ mi láti sọ òótọ́ fún un, ká má tan ara wa, ara tù mí díẹ̀.

Lẹ́yìn tí sójà ìjọba àpapọ̀ gba ìlú, wọ́n sọ ilé ìwé kan ní Diobu di ibùdó àwọn tí ogun lé kúrò nílé. Mo lọ síbẹ̀ láti ṣèrànwọ́, torí mo mọ̀wé, mo sì gbọ́ èdè. Orúkọ ni mo ń kọ. Kò pẹ́, ìgbẹ́ gbuuru bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn ọmọdé. A sin ọ̀kan lónìí, a sin méjì lọ́la. Inú kànga tó wà nínú ọgbà ilé ìwé náà ni gbogbo wọn ti ń mu.

Mo padà sílé, mo yọ ìwé mi lábẹ́ ẹní. Kànga inú ọgbà yẹn ni ẹ̀kẹta nínú mẹ́fà mi. Ó ti dà rúdurùdu lójú mi, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan. Mo gbé ìwé náà tọ ọ̀gá sójà tó ń ṣàkóso ibùdó lọ. Ọmọ Yorùbá ni. Mo sọ Yorùbá sí i, ó sì wò mí bí ẹni rí ewúrẹ́ tó ń kọrin.

"Ta ló kọ́ ẹ ní Yorùbá bí ti ìyá arúgbó yìí?"

"Bàbá mi, sà. Ará Ìlá ni wọ́n."

Ó rẹ́rìn-ín, ó gba ìwé náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní, "Ó dáa. Ẹ̀kẹta ò dára. Ẹ̀kíní, ẹ̀kejì, ẹ̀kẹrin, ẹ̀karùn-ún náà ò dára. Ẹ̀kẹfà yìí ńkọ́? Mọ́, mọ́, mọ́. Èyí la ń wá." Kí n tó ya ẹnu, ó ti ń pàṣẹ. Wọ́n gbé dúrọ́ọ̀mù sínú lọ́rì, ó di ọ̀dọ̀ káfíńtà. Àwọn obìnrin ń pàtẹ́wọ́ fún mi, wọ́n ń pè mí ní Teacher. Ẹnu mi sì wúwo.

Nígbà tí omi dé, obìnrin kan tó ń jẹ́ Mama Boma ló kọ́kọ́ bù ú. Ọmọ rẹ̀ tí kò tíì pé ọdún méjì wà léjìká rẹ̀, ọrùn ọmọ náà ti rọ. Ó gbé ife sí ọmọ náà lẹ́nu, ló bá yíjú sí mi: "Teacher, make I give am?"

Pèlúmi, mo já ife náà gbà. Omi dà sí mi láyà. Mo ní, "No give am! I no test am. I lie."

Ọ̀gá sójà wá. Mo wólẹ̀ níwájú rẹ̀, mo ní mi ò rí èsì kànga yẹn rí, pé mo jókòó nílé ni mo kọ ọ́. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Lọ́rì mi, àwọn ọmọ ogun mi, epo mi, o wá fi gbogbo rẹ̀ ṣòfò lórí irọ́? O mọ̀ pé mo lè tì ẹ́ mọ́lé?"

"Mo mọ̀, sà. Ẹ jẹ́ kí n dán an wò ná, kẹ́ ẹ tó tì mí."

Ó ní, "Kí lo máa lò?"

"Ìgò, oòrùn, àti ṣúgà."

Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín, àwọn kan ń ṣépè. Ta ló ní ṣúgà nígbà ogun? Obìnrin kan ní èmi ni mo fẹ́ jẹ ẹ́. Mama Boma ló tú etí aṣọ rẹ̀. Ṣúgà bí ìkúnwọ́ ọmọdé ló wà níbẹ̀, èyí tó ń fún ọmọ rẹ̀ lá kí ẹ̀mí má baà bọ́. Ó wọn díẹ̀ sí mi lọ́wọ́. Ó ní, "If you lie again, na God go ask you."

Mo bu omi kànga ẹ̀kẹfà sínú ìgò méjì, ti inú ọgbà sínú ìgò kẹta, mo tò wọ́n sójú fèrèsé kíláàsì. Ọjọ́ méjì ni a ó dúró, ẹnu ò sì lè gbẹ fún ọjọ́ méjì. Mo bá ní sísè la ó máa se omi. Igi ìdáná ò sí. Mo ní kí wọ́n fọ́ àwọn bẹ́ǹṣì ilé ìwé. Èmi tí wọ́n ń kọ́ láti di olùkọ́, mo ń fi bẹ́ǹṣì akẹ́kọ̀ọ́ dáná! Mo pín àwọn obìnrin sí ọ̀wọ́, àwọn kan ń sè, àwọn kan ń mú un tutù, àwọn kan ń ṣọ́ kànga burúkú náà kí ẹnikẹ́ni má bu ibẹ̀. Ohùn mi ò há mọ́. Mi ò tilẹ̀ rántí pé ó máa ń há.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, gbogbo ibùdó rọ́ wá sójú fèrèsé. Ìgò kẹta ti dà bí omi ẹ̀kọ. Ìgò ti ẹ̀kẹfà méjèèjì mọ́ kedere. Mo rí ọwọ́ mi láti òdìkejì wọn.

Ọ̀gá sójà gbé ọ̀kan sókè, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó ní, "Ohun tó o kọ tẹ́lẹ̀ náà nìyí. Kí lo wá da gbogbo wa láàmú sí?"

Mo ní, "Ẹ má bínú, sà. Nígbà yẹn, mo kọ ọ́ ni. Ìsinsìnyí ni mo mọ̀ ọ́n."

Mo lọ sẹ́yìn ilé ìwé, mo bì. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀.

Ibi tí Màmá dé nìyẹn lọ́jọ́ náà. Mo bi wọ́n bóyá ọmọ náà yè. Wọ́n ní, "Ta lo rò pé ó máa ń gbé ẹja wá fún yín ní gbogbo ọdún Kérésì?" Ẹnu yà mí. Bọ̀dá Boma onírùngbọ̀n funfun yẹn! Lọ́dún méjì tó kù nínú ogun náà, Màmá ò kúrò ní ibùdó yẹn. Àwọn àti àwọn ọmọbìnrin kọ́lẹ́ẹ̀jì mélòó kan ń gbẹ́ ṣáláńgá síbi tó jìnnà sí omi, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọmọdé níwèé lórí ilẹ̀ lásán, nítorí kò sí bẹ́ǹṣì mọ́.

Mo kó fọ́ọ̀mù irọ́ mi jọ, mo fẹ́ fà wọ́n ya. Màmá ní kí n má fà wọ́n ya, pé ẹ̀yìn wọn ṣì ṣófo, ó lè gba ìdáhùn gidi. Mo padà sọ́jà. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi rìn nínú ẹrẹ̀ láàárín àwọn tó ń lé mi bí eṣinṣin. Máàkì mi ò tó ti ọ̀rẹ́ mi tó kọ tirẹ̀ nínú yàrá. Mo lọ fẹjọ́ sun Màmá. Wọ́n ní, "Ṣé o sùn dáadáa?" Mo ní mo sùn. Wọ́n ní, "Ó tán."

Apá tó kù, inú àìsàn yìí ni wọ́n ti sọ ọ́ fún mi, lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ìrora fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀ díẹ̀.

Wọ́n ní nígbà tí ogun parí ní 1970, tí kọ́lẹ́ẹ̀jì tún ṣí, àwọn padà lọ parí ẹ̀kọ́ àwọn. Lọ́sàn-án kan, obìnrin kan wọlé sí ọgbà, ó rù bí igi ìdáná, bàtà ọkùnrin ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ń wá ìwé ẹ̀rí tó fi sílẹ̀ ní ọ́fíìsì. Màmá kí i, wọ́n fẹ́ kọjá. Obìnrin náà ní, "Àbẹ̀kẹ́, ṣé o ti ń sọ̀rọ̀ sókè báyìí?" Míìsì Ijeoma ni. Ọdún méjì ni Màmá fi rò pé ó ti kú. Wọ́n dì mọ́ra lábẹ́ igi máńgòrò.

Nígbà tí wọ́n jókòó, Màmá jẹ́wọ́. Wọ́n sọ ti kànga ẹ̀kẹfà, ti "mọ́, mọ́, mọ́", ti ìyìn tí wọn ò yẹ fún. Míìsì gbójú sílẹ̀. Ó dà bí ẹni pé ó dùn ún. Ó wá bi wọ́n pé, "Omi yẹn gan-an, ṣé ó mọ́?"

"Ó mọ́, mà."

Míìsì bá bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín, rẹ́rìn-ín, títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀, títí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń yọjú lójú fèrèsé. Nígbà tó nu ojú tán, ó di Màmá lọ́wọ́ mú. Ó ní, "Láti ìgbà tí mo ti kúrò nílùú yìí, oríṣiríṣi èèyàn ló parọ́ fún mi, lórí ohun tó ju kànga lọ. Ìwọ nìkan lo padà wá sọ ọ́ fún mi."

Màmá di ojú. Mo rò pé oorun ti gbé wọn lọ, mo fẹ́ fa aṣọ bò wọ́n lẹ́sẹ̀. Wọn ò lajú, wọ́n kàn rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n ní, "Ara mi fúyẹ́ lọ́jọ́ náà, Pèlúmi. Mo gbàgbé bàtà mi sábẹ́ igi yẹn, mo fẹsẹ̀ lásán rìn délé, mi ò sì mọ̀."